Ewì tó lòdì sí ogun lédè Áírìṣì: ta ló ti ka Caitlín Maude rí?

ÌyáTáyé_Dublin
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìjẹta, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ni mo fi ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ yín.

Ọmọ mi obìnrin tó kéré jù ń múra ìdánwò àṣejáde girama níbí. Èdè Áírìṣì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́, Gaeilge ni àwọn tó ni ín ń pè é. Ewì kan wà nínú ìwé wọn tó ń jẹ́ “Géibheann”, ìyẹn Ìgbèkùn. Ẹranko ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní ẹranko igbó lòun, láti ilẹ̀ olóoru, gbogbo ayé ló mọ ẹwà òun. Nígbà kan rí, bí òun bá bú, igi igbó a máa mì. Nísinsìnyí òun kàn dùbúlẹ̀ ni, òun ń fi ojú kan wo igi kan tó dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ń wá wò ó lójoojúmọ́, kò sóhun tí wọn ò lè ṣe fún un, àfi kí wọ́n tú u sílẹ̀. Inú kíṣìnì lọmọ yìí ti kà á fún mi, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, mo sì dúró gbọ́ títí àmàlà fi di kókó.

Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní Caitlín Maude.

Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru. Ìyá kan wà lọ́dọ̀ wa, ará Connemara ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí wọ́n ṣì ti ń sọ èdè náà nínú ilé. Lóru ọjọ́ yẹn mo dárúkọ Caitlín Maude fún un. Ńṣe ni ojú ẹ̀ là. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ àwọn ni, akọrin ni, òṣèré ni, olùkọ́ ni, ọdún 1982 ló kú, ọmọ ọdún 41 péré. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó ka òmíràn nínú ewì rẹ̀, “Amhrán Grá Vietnam”, Orin Ìfẹ́ Vietnam, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi bó ṣe ń kà á.

Olólùfẹ́ méjì ni. Ogun ti ba gbogbo àyíká wọn jẹ́, àwòdì ń rá bàbà lókè, ó ń dúró de òórùn òkú. Àwọn èèyàn ń bá wọn wí pé ojú ò tì wọ́n, pé òkú ará wọn ló wà nílẹ̀ yìí, bí wọn ò bá tiẹ̀ sunkún, ṣé wọn ò lè fajú ro ni? Àwọn méjèèjì dáhùn pé bí oòrùn làwọn rí, àwọn ò ka irú nǹkan báyìí sí mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe àwa la pa wọ́n, ẹ̀yin ni. Wọ́n ní àwọn ìbá dúró ní pápá ikú náà, ṣùgbọ́n ojú ìbànújẹ́ àwọn ṣọ́jà ń pa àwọn lẹ́rìn-ín, làwọn fi wá ibi tó rọ̀ létí odò lọ.

Láti ọjọ́ náà ni “ẹ̀yin ni” yẹn ti ń dún létí mi. Ta ló mọ̀ sí i nínú yín? Ṣé irú ewì báyìí pọ̀ lédè wọn?

Ọmọ_Ẹdẹ
Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ òru o, Ìyá Táyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Áyálándì ò bá wọn dá sí ogun Hitler, wọn ò sì rán ṣọ́jà lọ sí Vietnam. Ẹni tí iná ò jó rí, kí ló fẹ́ sọ nípa iná? Bí mo bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun, ẹnu ẹni tó ti gbébọn rí ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Àti pé kí èèyàn méjì máa ṣeré ìfẹ́ nítòsí òkú, mi ò rí ẹwà kankan níbẹ̀. Òkú kì í ṣe ohun à ń kọjá lára rẹ̀ lọ sétí odò.

Àkàndé_Galway
Ọjọ́ Àìkú, 11:02 alẹ́

Ìyá Táyé, ẹ ṣé é tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọdún kẹtàlá mi rèé ní Galway. Takisí ni mò ń wà, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sì máa ń lọ kọ́ Gaeilge nítorí pé ó wù mí, kò sẹ́ni tó fipá mú mi.

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ẹdẹ, wọ́n mọ iná. Wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì jà láti 1919 sí 1921, lẹ́yìn náà wọ́n kọjú síra wọn láàárín 1922 àti 1923, ọmọ ìyá ń yìnbọn pa ọmọ ìyá. Ní apá àríwá, láti ìparí àwọn ọdún 1960 títí di 1998, ó lé ní 3,500 èèyàn tó kú. Ní ti ogun Hitler, lóòótọ́ ni wọn ò dá sí i, “An Éigeandáil” ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń sọ pé Ìgbà Pàjáwìrì. Síbẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí North Strand ní Dublin ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 1941, èèyàn 28 kú. Ti Belfast ní oṣù kan ṣáájú burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Inú ìgbà yẹn gan-an ni ewì tí mo fẹ́ràn jù ti jáde. Máirtín Ó Direáin ló kọ ọ́. Wọ́n bí i ní 1910 ní Inis Mór, èyí tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù Aran, níwájú Galway níbí. Kérésìmesì 1942 ni ewì náà, “Cuireadh do Mhuire”, Ìpè sí Màríà. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “An eol duit, a Mhuire”, ṣé o mọ̀, Màríà, ṣé o mọ ibi tí o máa gbà lọ lọ́dún yìí láti wá ibi forí pamọ́ fún Ọmọ mímọ́ rẹ, nígbà tí ìkórìíra àti ìgbéraga ọmọ aráyé ti ti gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú? Lẹ́yìn náà ló wá ní kó máa bọ̀ ní erékùṣù tòun, lójú òkun ìwọ̀-oòrùn. Àbẹ́là á wà lójú fèrèsé gbogbo lálẹ́ yẹn, iná á sì ti ràn lààrò.

Ó tán. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò dárúkọ Hitler, kò dárúkọ Churchill.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iná ààrò yẹn jẹ́, torí ẹni tí ò dé ibẹ̀ lè fò ó. Àpáta ni Inis Mór. Igi ò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n gé bíi búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sá gbẹ, ni wọ́n fi ń dáná, kò sì sí àbàtà ní erékùṣù náà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá láti Connemara. Ẹni tó bá ní kí àlejò wá yáná nílé òun ní Inis Mór, ohun tó fowó rà, tó gba orí òkun wá, ló ń fún un.

Ohun kejì: èdè yìí ní orúkọ méjì fún Màríà. Máire ni wọ́n ń sọ ọmọ obìnrin. Muire, ti ìyá Jésù nìkan ni, ẹnikẹ́ni mìíràn ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Nítorí náà látinú ọ̀rọ̀ karùn-ún ewì náà lo ti mọ ẹni tí wọn ò rílé gbà sí.

Bàbá_Òkèbádàn
Ọjọ́ Ajé, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn àdúrà.

Ọmọ_Ẹdẹ, mo gbọ́ ẹ. Bàbá tó bí mi gbébọn. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Burma. Ìwọ ní ẹnu ẹni tó gbébọn lo ti fẹ́ gbọ́. Èmi gbé ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ òrùlé pẹ̀lú ẹni tó gbébọn, kò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Kérésì bá dé, tí àwọn ọmọ ilé kejì bá ń yin báńgà, á dìde, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Àwa ọmọ rẹ̀ ò jẹ́ yin báńgà láé. Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ nípa Burma. Bí ẹni tó gbébọn ò bá lè sọ ọ́, ẹlòmíràn ò ha gbọdọ̀ bá a sọ ọ́?

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yanu. Ó ní lọ́jọ́ tí ìròyìn kàn wọ́n pé bọ́ǹbù kan ti bọ́ sí Japan, pé ogun ti fẹ́ parí, wọ́n jó, wọ́n fò. Ó pẹ́ kó tó mọ ohun tí àwọn ń jó lé lórí. Àkàndé ọmọ mi, ṣé ẹnikẹ́ni kọ nípa ọjọ́ náà lédè tí ò ń kọ́ yẹn?

Àkàndé_Galway
Ọjọ́ Ajé, 1:35 ọ̀sán

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Wọ́n kọ ọ́, ó sì gùn. Mo dúró ní ibùdókọ̀ ni mo ń tẹ èyí, èrò lè dé nígbàkigbà.

Eoghan Ó Tuairisc lorúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọmọ Ballinasloe ní ìpínlẹ̀ Galway níbí, 1919 ni wọ́n bí i. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ẹdẹ á fẹ́ mọ̀ pé ọ̀gá ṣọ́jà ni nínú ọmọ ogun Áyálándì ní gbogbo ìgbà ogun yẹn, 1939 sí 1945, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ ò jà. Ìwé rẹ̀ “Lux Aeterna” jáde ní 1964, inú rẹ̀ ni “Aifreann na Marbh” wà, Máàsì àwọn òkú. Bí àwọn Àgùdà ṣe ń ṣe Máàsì òkú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ ló ṣe to ewì náà, apá kan tẹ̀lé èkejì, títí kan ibi tí wọ́n ti ń kọrin Ọjọ́ Ìbínú. Àwọn tó ń ṣe Máàsì náà fún ni àwọn tó kú ní Hiroshima, ìlú Japan tí bọ́ǹbù yẹn bọ́ sí, ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1945.

Ibi tó ti gbà mí lọ́kàn rèé. Kò gbé wa lọ sí Japan. Dublin la wà, láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Àwọn èèyàn ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé ń kọjá, oòrùn ń ràn. Kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan. Èmi tí mò ń wa ọkọ̀, mo máa ń rántí rẹ̀ bí mo bá gbé èrò láàárọ̀, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ ibi kan tó jìnnà, tí èrò náà ní kí n jọ̀ọ́ yí i sí orin.

Orúkọ ìwé náà, Èdè Látìn ni, Ìmọ́lẹ̀ Àìnípẹ̀kun. Ìyẹn ni wọ́n ń tọrọ fún òkú nínú Máàsì. Ìmọ́lẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ dé bá àwọn ará Hiroshima kí ìró tó dé. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ yẹn, ọjọ́ àjọ̀dún ni nínú ìjọ Àgùdà, ọjọ́ tí ojú Jésù tàn bí oòrùn lórí òkè. Akéwì náà ò ní láti wá àfiwé jìnnà.

Èrò dé, ẹ jẹ́ kí n máa lọ.

Olùkọ́_Ọ̀yọ́
Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun tí ẹ ń sọ yìí sì wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ náà.

Orúkọ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nínú ewì Áírìṣì, ti Pádraig Mac Piarais ni, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Patrick Pearse. Olùkọ́ bíi tèmi, akéwì. Òun ló dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ńlá Dublin ní 1916, tó ka ìkéde òmìnira, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì yìnbọn pa ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún. Akin ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà kọ ọ́ ní 1915, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kú ní Faransé, pé ó yẹ kí wọ́n fi wáìnì pupa ojú ogun mú ọkàn ayé gbóná. Nítorí náà ẹni tó bá fi èdè Áírìṣì kọ ewì tó lòdì sí ogun lẹ́yìn 1916, ẹni ńlá ilé tirẹ̀ ló ń bá jiyàn. Ìyẹn le ju kéèyàn bú Amẹ́ríkà lọ. Ǹjẹ́ a rẹ́ni tó ṣe é?

Mo ń béèrè nítorí tiwa náà. Ọdún 16 ni ogun Kírìjí fi jà, 1877 sí 1893. Oríkì àwọn balógun wà lẹ́nu wa dòní, mo ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n ń kà á, orí wọn ń wú. Ta ló lè ka ohun tí obìnrin Ìmẹ̀sí kan sọ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú ọmọ rẹ̀ wálé? Obìnrin náà ò ní ṣàì sọ nǹkan. A ò tọ́jú rẹ̀ ni.

ÌyáTáyé_Dublin
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ka ohun tí Olùkọ́ sọ nípa obìnrin Ìmẹ̀sí fún ìyá Connemara mi lóru, mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ orin. Orin àtijọ́ ni, “Siúil a Rún”. Ègbè rẹ̀ wà lédè Áírìṣì, ẹsẹ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin kan ni ọkùnrin rẹ̀ ń lọ sójú ogun ní Faransé. Obìnrin náà ní òun á ta ìrànwú òun, òun á ta gbogbo ohun èlò òwú òun, kí òun fi ra idà fún un. Lẹ́yìn náà òun á pa yẹ̀rì òun láró pupa, òun á máa tọrọ búrẹ́dì káàkiri ayé.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló tà, ohun tó fi ń jẹun, kó lè ra ohun tí wọ́n á fi pa ọmọ ẹlòmíràn. Kò sì bú ogun. Ó ń kí ọkùnrin náà pé kó lọ ire ni. Ìyá náà kọ ọ́ tán, ó ní kí n pa iná.

Tèmi_Cork
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:10 ọ̀sán

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Mo kúnlẹ̀. Cork ni mo dàgbà sí, láti ọmọ ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ́ Áírìṣì, mo sì kà á ní yunifásítì.

Olùkọ́, a rẹ́ni tó ṣe é. Máire Mhac an tSaoi ni. Bàbá rẹ̀, Seán MacEntee, wà lára àwọn tó jà ní 1916. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì dájọ́ ikú fún un, wọ́n wá sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n, ó sì di mínísítà nígbẹ̀yìn. Wọ́n bí ọmọbìnrin rẹ̀ yìí ní 1922, ọdún kan náà tí wọ́n dá ìjọba wọn sílẹ̀. Ní 1986, nígbà tí wọ́n ṣì ń pa ara wọn ní àríwá, ó kọ “Fód an Imris: Ard-Oifig an Phoist 1986”. Ibi Ìjà ni ìtumọ̀ rẹ̀: Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Ńlá 1986. Ó dúró níwájú ilé náà, ó ń bi bàbá rẹ̀ tó ti kú pé: ṣé ibí ló ti bẹ̀rẹ̀, bàbá? Ṣé ibí la ti di àjèjì síra wa? Ó ní ẹgbẹ́ lòun àti ìjọba yìí, nínú àwọn méjèèjì kò sì sí èyí tó rí bí bàbá òun ṣe fẹ́.

Kò bú bàbá rẹ̀. Ọmọ tó ń bi bàbá rẹ̀ léèrè ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo rò pé èdè yẹn nìkan ló ti lè bi í, torí èdè tí bàbá rẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà fún ni.

Ewì tó jẹ́ tèmi gan-an, tí mo gbé sórí ògiri yàrá mi, ti Nuala Ní Dhomhnaill ni, “Dubh”, Dúdú. Àkọlé kékeré wà lábẹ́ rẹ̀ pé ó jẹ mọ́ ìṣubú Srebrenica, ọjọ́ 11 oṣù Keje 1995. Ní Bosnia ni. Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ní kò ní séwu níbẹ̀, àwọn ṣọ́jà Netherlands ló ń ṣọ́ ọ. Ọmọ ogun Serb ti Bosnia wọ ibẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n pa ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 8,000.

Nínú ewì náà gbogbo nǹkan ló dúdú. Ọjọ́ dúdú, ojú ọ̀run dúdú, òkun dúdú. Ó wá wọ kíṣìnì: ànàmọ́ dúdú, ewé kábéèjì dúdú. Ẹni tó bá mọ̀ pé ànàmọ́ tó dúdú nínú ilẹ̀ ló fa ìyàn ńlá wọn láti 1845, á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe lára ọmọ Áyálándì. Àgùdà dúdú, Pùròtẹ́sítáǹtì dúdú, Serb àti Croat dúdú, gbogbo ìran tó ń rìn lórí ilẹ̀ ayé dúdú. Ó ń lù bí agogo òkú.

Kí n tó gbàgbé: ẹnìkan lè bi mí pé báwo ló ṣe rí lára mi, èmi aláwọ̀ dúdú, láti ka irú ewì bẹ́ẹ̀. Lédè Áírìṣì kì í ṣe dúdú ni wọ́n ń pe èèyàn bíi tèmi. “Duine gorm” ni, èèyàn aláwọ̀ aró. “Dubh” ni wọ́n máa ń lò fún èṣù àti fún ọ̀fọ̀. Nítorí náà láti kékeré, ọ̀rọ̀ yẹn ò bá mi wí nínú èdè yìí. Mo lè dúró nínú ewì náà kí n ṣọ̀fọ̀ bíi gbogbo èèyàn.

Ọmọ_Ẹdẹ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Bàbá, mo túúbá lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó gbébọn. Ọ̀rọ̀ báńgà yẹn ò kúrò lọ́kàn mi ní gbogbo òní.

Ṣùgbọ́n Tèmi àbúrò mi, ohun kan ń dùn mí níbẹ̀. Akéwì yẹn ní Serb dúdú, Croat dúdú, gbogbo ìran dúdú. Ṣé ẹni tó pa èèyàn àti ẹni tí wọ́n pa wá rí bákan náà ni? Bí wọ́n bá pa ọmọ rẹ, tí ẹnìkan wá sọ fún ọ pé gbogbo wa la jẹ̀bi, á dùn ọ́ ju ikú ọmọ náà lọ. Ti Caitlín Maude sàn jù. Òun nàka: ẹ̀yin lẹ pa wọ́n. Mo ti yí ọkàn padà lórí ìyẹn.

Ìbéèrè kejì: Nuala kọ ọ́ lédè tó jẹ́ pé nígbà ìkànìyàn 2022, èèyàn tó ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè yẹn kò pé 72,000. Ta ni nínú Bosnia tó máa gbọ́ ọ?

Tèmi_Cork
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá ara mi jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì lè sọ pé mo ti borí. Ohun tí mo rí ni pé kò sọ pé gbogbo wọn jẹ̀bi. Ó ní gbogbo wọn dúdú. Ọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ilé ẹjọ́ wà fún ìdájọ́. Bí ó bá sì ní gbogbo ìran tó ń rìn lórí ilẹ̀ ayé, òun náà wà níbẹ̀, àwa tá a jókòó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan ní Srebrenica bá sọ ohun tí ẹ sọ yìí fún mi, mi ò ní lẹ́nu láti dá a lóhùn.

Ní ti ẹni tó máa gbọ́ ọ: Paul Muldoon túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rìn jìnnà. Ṣùgbọ́n ibi tó parí sí ni kò ṣeé túmọ̀. Lẹ́yìn gbogbo dúdú yẹn, ó ní nítorí pé Srebrenica, ìlú fàdákà, “Argentaria” lédè Látìn, ti di “bán”. “Bán” ni funfun. “Bán” náà ni ilẹ̀ tí wọn ò gbin nǹkan sí mọ́, ilé tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀. Olùkọ́, ṣé Yorùbá ní?

Olùkọ́_Ọ̀yọ́
Ọjọ́rú, 5:55 àárọ̀

Mi ò sùn dáadáa nítorí ìbéèrè yìí.

Ìṣòro kan wà kéèyàn tó dé ìparí. Yorùbá ò ní máa pe gbogbo nǹkan ní dúdú. Ojú ọ̀run á ṣú, òkun á ṣókùnkùn, ànàmọ́ á rà, inú á bàjẹ́, ohun kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dùn létí, ṣùgbọ́n agogo òkú tí Tèmi sọ kò lù mọ́. Nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi dúdú sí gbogbo rẹ̀, kó le létí: ọ̀run dúdú, òkun dúdú, ànàmọ́ dúdú, kábéèjì dúdú.

Ní ti “bán”, funfun nìkan kò tó, torí funfun tiwa, ti àlàáfíà ni, ti Ọbàtálá, ti aṣọ àlà. Ẹni tó bá kà á á rò pé ìlú náà ti mọ́, pé ó ti yọ̀. Ahoro sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní àwọ̀ nínú. Mo kọ “ó funfun báláú”, mo pa á rẹ́, mo tún kọ ọ́. Báláú yẹn ní ẹ̀rù díẹ̀ nínú, bí ojú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń sọ nípa ilé tí wọ́n ti kó gbogbo ọmọ lọ: ilé dá páropáro.

Ibi tí mo bá a dé rèé:

*nítorí pé Srebrenica, ìlú fàdákà,*
*funfun báláú,*
*ó dá páropáro.*

Ọ̀rọ̀ méjì ló gbà mí níbi tí akéwì náà ti lo ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù kó mú un wá.

Bàbá_Òkèbádàn
Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Fi páropáro sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Olùkọ́. Má fọwọ́ kàn án mọ́.

ÌyáTáyé_Dublin
Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀

Ọmọ mi ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ “Géibheann” nínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń pe báláú. Mo pè é fún un. Ó pè é padà, ó tún un pè. Àkàndé, jọ̀ọ́, bí o bá ní bí wọ́n ṣe ka Ìpè sí Màríà lórí fóònù rẹ, fi ránṣẹ́ sí mi kí n tó wọṣẹ́ lálẹ́. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sétí ìyá náà.